Àrùn Iṣan Ọkàn: Ohun tí ó ń mú un wá, àti bí àgbàlagbà ṣe lè dáàbò bo ara rẹ̀

Gbogbo àgbẹ̀ ni ó mọ̀ pé igi tí kòkòrò ń jẹ nínú kì í fi í hàn lójú ewé ní ọjọ́ kìíní. Ewé rẹ̀ a máa tutù, òjìji rẹ̀ a máa ṣíji bo ènìyàn, àwọn ẹyẹ a sì máa bà lé e, títí di ọjọ́ tí ìjì díẹ̀ yóò fẹ́ tí igi náà yóò sì wó. Nígbà náà ni àwọn ènìyàn yóò wí pé ìjì ni ó wó o, nígbà tí kòkòrò ti jẹ inú rẹ̀ tán láti ọdún pípẹ́. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni àrùn tí a fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí nínú ojú ìwé yìí ṣe ń pa àgbàlagbà. Ọkùnrin tí ó jáde lọ sí ọjà ní òwúrọ̀ tí ó sì ṣubú lulẹ̀ ní ọ̀sán, ohun tí ó pa á lè ti wà nínú iṣan ọkàn rẹ̀ láti bí ogún ọdún sẹ́yìn.

Nígbà tí irú ikú bẹ́ẹ̀ bá ṣẹlẹ̀, ọ̀pọ̀ ni í máa wá ẹni tí wọn yóò di ẹ̀bi rẹ̀ rù: àna, tàbí orogún, tàbí alájọgbé. Ẹbí a tú ká, ọmọ ìyá a di ọ̀tá ara wọn. Bẹ́ẹ̀ ni ohun tí ó pa bàbá a máa ṣiṣẹ́ lọ nínú ara àwọn ọmọ pẹ̀lú, láìjẹ́ pé ẹnìkan nínú wọn lọ yẹ ara rẹ̀ wò. Àwọn àgbà sì ti wí pé ikú tí ń pa ojúgbà ẹni, òwe ni ó ń pa fún ni. Nítorí náà ni a ṣe kọ ọ̀rọ̀ yìí, kí ẹ̀yin olùkàwé wa lè mọ òwe náà, kí ẹ sì mọ ìtumọ̀ rẹ̀ kí ó tó pẹ́ jù.

KÍ NI ÀRÙN YÌÍ?

Ọkàn tí ó wà nínú àyà wa tóbi tó ìkúùkù ọwọ́ olúwarẹ̀. Òun ni ó ń ti ẹ̀jẹ̀ lọ sí gbogbo ara, a sì máa lù tó ìgbà 100,000 ní ọjọ́ kan ṣoṣo, lójú oorun àti lójú iṣẹ́, láìsinmi. Ṣùgbọ́n òṣìṣẹ́ tí ń bọ́ gbogbo ilé, òun náà gbọ́dọ̀ jẹun. Àwọn iṣan kéékèèké kan ni ó yí ọkàn ká bí adé ti í yí orí ọba ká. Àwọn wọ̀nyí ni ó ń gbé ẹ̀jẹ̀ tí ọkàn fúnra rẹ̀ ń jẹ wá fún un.

Bí ọ̀rá bá ń lẹ̀ mọ́ inú àwọn iṣan wọ̀nyí díẹ̀díẹ̀, ojú wọn a máa há, gẹ́gẹ́ bí ẹrẹ̀ ti í dí ojú ìṣàn omi tí a kò gbá. Nígbà tí ó bá há dé ìwọ̀n kan, olúwarẹ̀ lè máa ní ìrora tàbí ìfúnpá nínú àyà bí ó bá ń gun òkè tàbí tí ó bá ru ẹrù, tí yóò sì lọ bí ó bá sinmi. Nígbà tí ẹ̀jẹ̀ bá wá dì sí ojú ibi tí ó há náà, tí ó sì dí i pátápátá, apá ọkàn tí iṣan náà ń bọ́ yóò bẹ̀rẹ̀ sí kú. Èyí ni ìkọlù ọkàn tí ń gbé ènìyàn lọ lójijì.

BÍ AYÉ ṢE YÍ PADÀ NÍ ÀGBÀDO

Ẹ jẹ́ kí a mú Àgbàdo ṣe àpẹẹrẹ, ìlú tí orúkọ rẹ̀ jọ ti ọkà inú oko, tí ó wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìfọ̀ ní Ìpínlẹ̀ Ògùn. Ní ọdún 1896 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí la ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin láti Èkó wá sí òkè, ó sì dé Ìbàdàn ní ọdún 1901. Ní àkókò náà, ẹsẹ̀ ni a fi ń rìn lọ sí oko, orí ni a fi ń ru ẹrù bọ̀ wá sí ilé, ọkọ́ àti àdá ni ó sì ń mú ara le.

Lónìí, ọ̀nà irin titun tí ó ti Èkó lọ sí Ìbàdàn, tí a ṣí ní oṣù kẹfà ọdún 2021, ní ibùdókọ̀ ní Àgbàdo, tí a fi orúkọ Lateef Jakande pè. Ní ọjọ́ 29 oṣù kejì ọdún 2024 ni a sì ṣí ọ̀nà irin mìíràn tí Ìjọba Èkó ṣe, láti Òyìngbò dé Àgbàdo. Ohun rere ni ìwọ̀nyí, a sì dúpẹ́ fún wọn. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí ìgbé ayé tí ó bá wọn wá. Ọ̀pọ̀ ń jí kí àkùkọ tó kọ, wọ́n ń jókòó nínú ọkọ̀ lọ sí Èkó, wọ́n ń jókòó nínú ìsọ̀ tàbí ọ́fíìsì títí di ìrọ̀lẹ́, wọ́n ń ra oúnjẹ jẹ ní ẹ̀bá ọ̀nà, wọ́n tún ń jókòó padà wá sílé, wọ́n ń jẹ òkèlè ńlá ní alẹ́, wọ́n sì ń sùn lé e lórí. Ara tí a fi iṣẹ́ oko tọ́ láti ìran dé ìran ti di ara tí ó ń jókòó. Ibẹ̀ ni ewu ti ń wọlé.

OHUN TÍ ÀWỌN ONÍṢÈGÙN RÍ

Kì í ṣe àròsọ lásán ni a ń sọ. Láàrín ọdún 1960 sí 1970, àwọn tí a rí tí ọkàn wọn kọlù wọ́n ní ọ̀nà yìí ní Ilé Ìwòsàn Yunifásítì ní Ìbàdàn kéré níye tó bẹ́ẹ̀ tí Dókítà Falase àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi kọ ìwé nípa wọn ní ọdún 1973 gẹ́gẹ́ bí ohun tí ó ṣọ̀wọ́n. Àrùn náà kò ṣọ̀wọ́n bẹ́ẹ̀ mọ́.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọládiípọ̀ Akínkugbé, ọmọ Oǹdó, tí a bí ní ọdún 1933 tí ó sì kú ní ọdún 2020, fi ọ̀pọ̀ ọdún ayé rẹ̀ wádìí ẹ̀jẹ̀ ríru. Òun ni ó ṣe olórí ìgbìmọ̀ tí ó wo ọ̀ràn náà káàkiri Nàìjíríà, tí ìròyìn wọn jáde ní ọdún 1997. Wọ́n rí i pé nínú 100 àgbàlagbà, ó lé ní 11 tí ẹ̀jẹ̀ wọn ru, àpapọ̀ wọn sì ju mílíọ̀nù mẹ́rin lọ. Ọ̀pọ̀ jù nínú wọn ni kò mọ̀ rárá.

Ní ọdún kan náà ni Dókítà Richard Cooper àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà, ní Ìbàdàn àti ní àwọn ilẹ̀ mìíràn tẹ ìwádìí mìíràn jáde. Wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ àwọn ènìyàn dúdú tí ó lé ní 10,000: ní Igbó-Ọrà, ìlú àwọn ìbejì, àti ní Ìbàdàn, ní Kamẹrúùn, ní Jàmáíkà, Saint Lucia àti Barbados, àti ní ẹ̀bá Chicago ní Amẹ́ríkà. Àwọn baba ńlá wọn jọ ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà wá ni. Ṣùgbọ́n níbí ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, 16 nínú 100 ni ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Ní àwọn erékùṣù náà, 26. Ní Amẹ́ríkà, 33. Bí ènìyàn ti ń sanra sí i, tí ó sì ń jẹ iyọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ ni àrùn náà ń pọ̀ sí i láti ibì kan dé ibì kejì.

Ẹnikẹ́ni tí ó bá sì rò pé ó di dandan kí a wọ ọkọ̀ òfuurufú kí èyí tó ṣẹlẹ̀ sí wa, kí ó gbọ́ èyí pẹ̀lú. Ní ọdún 1996, nínú ìwé tí àwọn oníwádìí kan náà kọ nípa ilẹ̀ Yorùbá níhìn-ín, wọ́n fi àwọn àgbẹ̀ ìgbèríko, àwọn tálákà ìgboro, àti àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè tí ó ti fẹ̀yìntì wé ara wọn. Àwọn àgbẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ ríru wọn kéré jù. Àwọn ará ìgboro tẹ̀ lé wọn. Àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè ni ó ní i jù. Ọ̀nà tí ó wà láàrín oko àti ìgboro ni Àgbàdo wà lórí rẹ̀ gan-an.

OHUN TÍ A KÒ LÈ YÍ PADÀ

Àwọn ohun mẹ́ta wà tí kò sí ní ìkáwọ́ wa. Èkíní ni ọjọ́ orí, nítorí bí a ti ń dàgbà ni iṣan ń há. Èkejì ni pé àrùn yìí máa ń tètè mú ọkùnrin ju obìnrin lọ. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí obìnrin bá ti dẹ́kun nǹkan oṣù rẹ̀, ewu tirẹ̀ náà a máa gòkè. Ẹ̀kẹta ni ìdílé. Bí bàbá ẹni tàbí arákùnrin ẹni bá ní àrùn ọkàn kí ó tó pé ẹni ọdún 55, tàbí ìyá ẹni tàbí arábìnrin ẹni kí ó tó pé ẹni ọdún 65, kí olúwarẹ̀ mọ̀ pé ojú ọ̀nà kan náà ni òun wà. Kì í ṣe ègún, ìkìlọ̀ ni. Ẹni tí a bá kìlọ̀ fún ní àkókò, ó lè yẹra.

OHUN TÍ A LÈ YÍ PADÀ

1. Ẹ̀jẹ̀ ríru. A fi èyí ṣe ìkíní nítorí pé láàrín àwa ènìyàn dúdú ni ó ti ń ṣe ọṣẹ́ jù. Kò ní àmì. Ọ̀pọ̀ rò pé bí orí kò bá fọ́ àwọn, ẹ̀jẹ̀ àwọn kò ru, irọ́ ni. Ẹ̀rọ tí a so mọ́ apá nìkan ni ó lè sọ òtítọ́. Iye méjì ni ẹ̀rọ náà ń sọ: èyí tí ó wà lókè ni agbára ẹ̀jẹ̀ nígbà tí ọkàn bá fún un jáde, èyí tí ó wà nísàlẹ̀ ni agbára rẹ̀ nígbà tí ọkàn bá sinmi. Bí a bá rí 140 lórí 90 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ọjọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ẹ̀jẹ̀ ríru ni. Kí a tó wọ̀n ọ́n, ó yẹ kí a ti jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún.

Iyọ̀ ni oúnjẹ àrùn yìí. Àjọ Ìlera Àgbáyé wí pé kí àgbàlagbà má ṣe jẹ tó gíráàmù 5 ní ọjọ́ kan. Ìyẹn kò kún ju ṣíbí tíì kan lọ, nínú gbogbo oúnjẹ ọjọ́ náà. Ẹ rántí pé iyọ̀ wà nínú mágí, ó wà nínú ẹja oníyọ̀, ó wà nínú búrẹ́dì; ìyàwó ilé tí ó bá fi mágí mẹ́rin sínú ìṣaasùn tí ó sì tún bu iyọ̀ lé e, iyọ̀ lórí iyọ̀ ni ó ń sè. Ata, àlùbọ́sà, ẹfinrin, àti irú tí a kò fi iyọ̀ sí yóò mú ọbẹ̀ dùn láìpa ẹni tí ó jẹ ẹ́. Kí a sì mú àwo iyọ̀ kúrò lórí tábìlì.

Ẹni tí dókítà bá fún ní oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, kí ó máa lò ó lójoojúmọ́. Àwọn kan a máa lò ó fún oṣù méjì. Nígbà tí wọ́n bá rí i pé ẹ̀jẹ̀ ti rọlẹ̀, wọn a dá a dúró. Wọ́n dà bí ẹni tí ó yọ òpó kúrò nídìí àjà nítorí pé àjà náà kò tíì wó. Òpó ni kò jẹ́ kí ó wó. Bẹ́ẹ̀ ni kí a má ṣe fi àgbo tí a rẹ sínú ọtí líle rọ́pò oògùn. Ọtí náà fúnra rẹ̀ a máa mú ẹ̀jẹ̀ ru.

2. Tábà. Èéfín sìgá a máa ba inú iṣan jẹ́, a sì máa mú kí ẹ̀jẹ̀ tètè dì. Aya àti ọmọ tí ń fa èéfín náà sínú nínú yàrá kan náà ń pín nínú ewu rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìròyìn ayọ̀ wà níhìn-ín: ẹni tí ó bá jáwọ́ nínú sìgá mímu fún ọdún kan, àfikún ewu àrùn ọkàn tí sìgá kó bá a yóò dín kù tó ìdajì.

3. Àtọ̀gbẹ. Ṣúgà tí ó pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ a máa ba gbogbo iṣan jẹ́. Ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ ní gbogbo ìgbà, tí ó ń tọ̀ lemọ́lemọ́ ní òru, tí èèrà sì ń ṣù mọ́ ìtọ̀ rẹ̀, kí ó má ṣe jáfara. Ṣùgbọ́n ní ìbẹ̀rẹ̀, àmì lè má sí. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ní òwúrọ̀ kí a tó jẹun ni yóò fi hàn: bí ó bá dé 126 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí a tọ dókítà lọ. Ọtí ẹlẹ́rìndòdò tí a ń mu bí omi, ṣúgà púpọ̀ ni ó wà nínú rẹ̀. Omi ni ó ń pa òùngbẹ.

4. Ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀. Èyí ni ó ń lẹ̀ mọ́ ara iṣan. Ọ̀rá ẹran a máa mú un pọ̀. Ìdajì epo pupa pẹ̀lú jẹ́ irú ọ̀rá tí ń dì yìí. A kò wí pé kí ẹnikẹ́ni kọ epo sílẹ̀ nínú ọbẹ̀. Ìwọ̀ntúnwọ̀nsì ni a ń bẹ̀bẹ̀ fún, kí epo má ṣe léfòó lórí ọbẹ̀ bí omi òjò. Ọ̀rá kan tún wà tí ó burú ju gbogbo wọn lọ, èyí tí a ń rí nínú òróró tí ilé iṣẹ́ mú dì. Àjọ NAFDAC ṣe òfin ní ọdún 2022 pé kò gbọ́dọ̀ ju gíráàmù 2 lọ nínú 100 gíráàmù ọ̀rá tàbí òróró. Kí a yẹra fún òróró tí a fi dín àkàrà léraléra títí tí ó fi dúdú. Ẹ jẹ ẹ̀wà, ẹja, tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ, gbúre, ọsàn àti ìbẹ́pẹ. Àgbẹ̀ tí ó bá kó gbogbo ẹ̀fọ́ àti èso rẹ̀ tà ní ọjà, tí ó sì fi owó rẹ̀ ra búrẹ́dì àti ẹlẹ́rìndòdò bọ̀ wálé, ó ti fi ìlera tọrẹ.

5. Ikùn ńlá àti ìjókòó. A ti ń fi ikùn ńlá ṣe àmì ọlá láti ìgbà pípẹ́, ṣùgbọ́n ẹrù ni ó jẹ́ fún ọkàn. Ọ̀nà tí ó rọrùn láti fi mọ̀ ọ́n nìyí: mú okùn, kí o gé e kí ó gùn bí o ti ga, ṣẹ́ ẹ po sí méjì, kí o sì fi yí ara rẹ ká ní ọ̀gangan ìdodo. Bí etí okùn náà kò bá lè kan ara wọn, ikùn rẹ ti tóbi ju bí ó ti yẹ lọ. Ìrìn kíákíá fún ìṣẹ́jú 30 ní ọjọ́ márùn-ún nínú ọ̀sẹ̀ tó fún àgbàlagbà. Ará Àgbàdo tí ń gun ọ̀kadà lọ sí ibùdókọ̀ tí kò jìnnà lè fi ẹsẹ̀ rẹ̀ rìn dé ibẹ̀. Yóò jèrè owó rẹ̀, yóò sì jèrè ara rẹ̀. Ẹni tí ó ṣì ń fi ọkọ́ ro ilẹ̀, kí ó má ṣe tijú iṣẹ́ náà, oògùn ni. Ṣùgbọ́n kí ó má ṣe rò pé oko nìkan tó, bí ó bá ń mu sìgá tí kò sì mọ bí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti rí.

6. Ọtí àti àníyàn. Ọtí àmujù a máa mú ẹ̀jẹ̀ ru, a sì máa sọ ọkàn di aláìlágbára. Àníyàn ojoojúmọ́, gbèsè, àìsùn àti ìbínú tí kò tán nínú náà a máa pọ́n ọkàn lójú. Kí ẹni tí ẹrù bá wúwo lórí rẹ̀ wá ẹni tí yóò bá a sọ̀ ọ́.

ẸRÙ TÍ Ó Ń GUN ORÍ ARA WỌN

Ní ọdún 2004, Dókítà Salim Yusuf ní Kánádà àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilẹ̀ 52, tí Nàìjíríà wà nínú wọn, tẹ ìwádìí jáde lórí àwọn ènìyàn bí 30,000. Wọ́n rí i pé ohun mẹ́sàn-án péré, tí ọ̀pọ̀ nínú èyí tí a kà sókè yìí wà nínú wọn, ni ó ń mú nǹkan bí ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá ewu ìkọlù ọkàn wá, ní ọ̀dọ̀ ọkùnrin àti obìnrin, ní gbogbo ilẹ̀ ayé. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé èyí tí ó pọ̀ jù nínú ohun tí ń fa ikú yìí wà ní ìkáwọ́ wa. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i pé wọ́n a máa gun orí ara wọn. Ẹni tí ó ru agbọ̀n kan lè rìn jìnnà. Ẹ gbé agbọ̀n kejì lé e, ẹ gbé ẹ̀kẹta lé e, ọrùn rẹ̀ yóò ṣẹ́. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ru, tí ó ní àtọ̀gbẹ, tí ó sì tún ń mu sìgá, agbọ̀n mẹ́ta ni ó rù.

ÀMÌ TÍ A KÒ GBỌ́DỌ̀ FOJÚ FÒ

Bí ohun kan bá ń tẹ àyà bí ẹni pé a gbé ọlọ lé e, tí ìrora náà ń lọ sí apá òsì, ọrùn, àgbọ̀n ìsàlẹ̀ tàbí ẹ̀yìn. Bí òógùn tútù bá bò ènìyàn, tí kò lè mí dáradára, tí èébì sì ń gbé e. Kí a má ṣe pè é ní àyà títa lásán, kí a má sì dúró di ọjọ́ kejì. Àwọn obìnrin àti àwọn tí ó ní àtọ̀gbẹ lè má ní ìrora rárá, bí kò ṣe àárẹ̀ òjijì àti èémí tí kò délẹ̀. Kí a mú olúwarẹ̀ jókòó, kí a má ṣe jẹ́ kí ó rìn tàbí kí ó wa ọkọ̀ fúnra rẹ̀, kí a sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá lójú ẹsẹ̀. Láti Àgbàdo, àwọn ilé ìwòsàn bẹ́ẹ̀ wà ní Ìkẹjà ní apá kan, ó sì wà ní Ìdí-Aba ní Abẹ́òkúta ní apá kejì. Kí ìdílé kọ̀ọ̀kan ti mọ ọ̀nà tí wọn yóò gbà àti ọkọ̀ tí wọn yóò pè, kí ọjọ́ náà tó dé. Wákàtí tí a bá fi ń wá ẹni tí ó ṣe é, ọkàn ń kú lọ nínú rẹ̀.

ÌMỌ̀RÀN FÚN ỌDÚN YÌÍ

Ẹ̀yin ará, kí olúkúlùkù tí ó ti pé ẹni 40 ọdún mú ọjọ́ kan nínú ọdún tí kò ní gbàgbé. Bí ó bá jẹ́ ọ̀sẹ̀ Ìkórè ìjọ rẹ̀, ó dára; nígbà tí a bá ń ka ìbùkún oko, kí a ka ti ara pẹ̀lú. Ní ọjọ́ náà, kí ó lọ wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, kí ó yẹ ṣúgà inú rẹ̀ wò, kí ó fi okùn wọn ikùn rẹ̀, kí ó sì kọ iye wọn sí ẹ̀yìn ìwé yìí, kí ó lè fi ti ọdún tí ń bọ̀ wé e. Ẹni tí bàbá tàbí ìyá rẹ̀ kú lójijì, kí ó má ṣe dúró di ẹni 40 ọdún, kí ó sì pe àwọn ọmọ ìyá rẹ̀ kí wọ́n jọ lọ.

Kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò. Bí ó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́.